Apá Ti Àwọn Jàpáànì

"Apá ti àwọn Jàpáànì ni èmi máa mú," ni Bàbá Ilésanmí wí, ó sì fa àga rẹ̀ lọ sí òdìkejì tábìlì tí géèmù wà lórí rẹ̀.

Theresa, tó ń gbé omi bọ̀ láti ilé ìdáná, dúró sójú kan. Ó rò pé etí òun ló gbọ́ òdì. Bàbá òun tó bá àwọn Jàpáànì jà ní Bọ́mà, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ogun Hítílà nínú ilé!

"Bàbá, apá ti àwọn èèyàn wa ni mo tò sílẹ̀ dè yín," ni Festus, àfẹ́sọ́nà Theresa, wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mo rí i. Ìwọ mú un. Àwọn tó wà ní òdìkejì odò nígbà náà, mi ò rí ojú wọn rí. Ìró ìbọn wọn nìkan ni mo gbọ́. Jẹ́ kí n jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí."

Géèmù yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú Theresa àti Festus ká. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Festus Adégbóyèga, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń ṣe fún ìjọba. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí katakata ń hú igi ńláńlá kúrò lójú ọ̀nà tuntun tó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, ni wọ́n gbé e wá sí Odígbó, níbi tí Theresa ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Ọ̀rẹ́ Festus kan ló fi géèmù náà ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù: máàpù ilẹ̀ Bọ́mà tó gba orí tábìlì tán, àti àwọn páálí kéékèèké tó dúró fún ọmọ ogun. Lọ́jọ́ tí Bàbá Ilésanmí kọ́kọ́ yà nílé Festus, ìdí géèmù ló bá a. Kò fẹnu kan omi tí wọ́n gbé fún un. Ó délé, ó ní òun ò ní fọmọ òun fún ẹni tó ń fi ogun ṣeré.

Kì í ṣe Festus ni yóò jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí bàbá máa lé. Ó ti lé àwọn méjì ṣáájú. Ó ní ẹni àkọ́kọ́ ga jù, ó ní ẹnì kejì ń rẹ́rìn-ín jù. Theresa kì í ṣe ọmọdé mọ́, ibi iṣẹ́ Festus sì ti ní kó máa lọ sí Ìkàrẹ́ bí ọdún tuntun bá dé.

"Dáná sun ún," ni Theresa sọ fún un.

"Bí mo bá sun ún, irọ́ ni mo pa fún wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Jẹ́ kí n gbé e wá, kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Síbẹ̀ ó gbé e wá. Bàbá sì rèé, tó ń da dáìsì sórí tábìlì bí ẹni ń ta lúdò.

Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Èwo ni àwa?"

Festus fi páálí kan hàn án. Kò tó ìdajì páálí ìṣáná. Bàbá mú un, ó yí i wò.

"Gbogbo wa ló wà nínú èyí?"

"Gbogbo yín, Bàbá."

Ó dá a padà síbi tó wà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Jàpáànì rẹ̀ yí i ká, ọ̀kan látòkè, ọ̀kan létí odò, títí kò fi sí ibi tí páálí náà lè gbà jáde. Theresa ń wò wọ́n. Festus ti kọ́ ọ ní géèmù náà díẹ̀, ó mọ̀ pé ìlú ńlá tó wà lókè máàpù ni Festus gbọ́dọ̀ dì mú. Ẹni tó bá ni ìlú náà ló ni ogun.

Festus na ọwọ́, ó fà á padà. Ó tún nà án. Ó kó ọmọ ogun méjì kúrò ní ìlú náà, ó darí wọn sí ìsàlẹ̀, síbi odò, láti lọ já àwọn tí wọ́n há mọ́ gbà.

Bàbá wò ó títí. Ó da dáìsì. Ó wọ ìlú náà.

"Òpònú!" Ó fọwọ́ lu tábìlì. "Ìlú yẹn ni gbogbo ogun! Kí ló dé tó o kó wọn kúrò?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà létí odò yẹn."

"Páálí ló wà níbẹ̀! O fẹ́ tù mí lójú ni. O jẹ́ kí n jẹ nítorí ọmọ mi."

Festus tẹ orí ba.

"Mi ò ní purọ́ fún yín, Bàbá. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló jókòó níwájú mi, mi ò ní lọ kó wọn. Mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lónìí, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Adìyẹ kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lé e.

"Kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan nítorí mi nínú ogun yẹn," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àfi Bándélé."

Theresa ò gbọ́ orúkọ náà rí.

"Ọmọ ìlú Ajue ni. Orí la fi ń ru ẹrù nínú igbó ibẹ̀. Bí ibà bá dá mi dúbúlẹ̀, á gbé tèmi lé tirẹ̀. Àwa méjèèjì ṣe àdéhùn: ẹni tó bá kọ́kọ́ bí obìnrin, ẹnì kejì ni yóò jókòó sípò bàbá lọ́jọ́ ìdána. À ń fi rẹ́rìn-ín ni o. A ò tíì láya." Ó fi ìka kan odò inú máàpù náà. "Ibí yìí ló kú sí."

Theresa rántí ẹni tó ga jù àti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jù. Omi lé sí i lójú. Ẹ̀rù ọjọ́ ìdána ló ti ń ba bàbá òun láti ìgbà yìí wá, ẹ̀rù àga kan tí kò sẹ́ni tí yóò jókòó sí i.

"Festus."

"Sà!"

"Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Festus dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Theresa kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n bàbá na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́.

"Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀. Bándélé ní àbúrò obìnrin kan ní Ajue, Cecilia ni wọ́n ń pè é, ó ń fún epo pupa. Bí ilẹ̀ bá mọ́, fi Láńrófà rẹ gbé mi lọ. Òun ni yóò jókòó sípò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí n lọ sọ fún un pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ."

"Ká tètè jáde, Bàbá. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà yẹn kì í ṣe é gbà."

Theresa nu ojú rẹ̀. "Ṣé kí èmi náà bá yín lọ?"

"Kí ló dé tó ò fi ní lọ?" ni bàbá wí. "Bí ìwọ ò bá lọ, ta ni kí Cecilia rí?"