Ẹ̀wù Ọjọ́ Ìsinmi Ottmar

Kreszenz kì í dúró kí ẹnikẹ́ni bá òun wí. "Èmi ni òmùgọ̀ inú ọ̀rọ̀ yìí," ni ìyá àgbà náà máa ń sọ, á sì fọwọ́ gbá ìdí rẹ̀ tó tóbi bí àgbá ọtí. "Ọlọ́run fún mi ní ìdí, ó gbàgbé orí."

Ọdún méje ni Ottmar, ọmọ rẹ̀, fi ń kan kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin kò ní fà nínú abà wọn ní ìlú Urach. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Stumpp ará ìjọba ń bọ̀ wá wò ó. Bí ó bá rìn, Ottmar á gba ìwé àṣẹ láti máa wà á lójú títì. Bí kò bá rìn, ó parí nìyẹn.

Kreszenz wo ẹ̀wù ọjọ́ ìsinmi ọmọ rẹ̀. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ti ta sí i láyà.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń bọ̀ wá wò, kì í ṣe èmi."

"Panu mọ́. Ṣé o fẹ́ kó sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ ló bí ẹ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, Màmá."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn!"

Kò sí obìnrin Urach tí kò mọ̀ pé bẹntiróòlù ilé apòògùn ló ń mú ọ̀rá kúrò lára aṣọ. Òun náà sì ni ẹ́ńjìnnì ń mu. Kreszenz bu ti inú agolo Ottmar, ó fi fọ àyà ẹ̀wù náà. Ọ̀rá ṣorí kunkun, ó tún dà á sí i. Ó yẹ kó sá a sáfẹ́fẹ́ títí di ọ̀sán, àmọ́ òjò dé, Stumpp náà sì tètè dé. Kreszenz gbóòórùn ẹ̀wù náà. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méje tí gbogbo ilé ti ń rùn bẹ́ẹ̀; imú ta ló tún lè mọ ìyàtọ̀? Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

Páìpù kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì náà tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáná sí lábẹ́ títí yóò fi pọ́n, kí ẹ́ńjìnnì tó lè ṣiṣẹ́. Ottmar bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣáná sí i.

Iná náà gun àyà rẹ̀ bí ológbò. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì já bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì kò gbà. Aṣọ ìbora ẹṣin ni Stumpp fi pa iná náà.

Páìpù ti pọ́n nígbà yẹn.

"Màmá, ẹ yí ẹ́ńjìnnì!" ni Ottmar ń kígbe nílẹ̀. "Ẹ yí i kí Ọ̀gbẹ́ni Stumpp tó lọ!"

Kreszenz ń sunkún, ó ń yí i. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Kreszenz gbé ìdí ńlá rẹ̀ gorí kẹ̀kẹ́, ó wà á dé ìdí kànga.

Ìwé àṣẹ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀ ni Kreszenz ti kà á sókè: Ottmar Röcker nìkan, kì í ṣe ẹlòmíràn, ló gbọ́dọ̀ di ọ̀pá ìdarí mú.

Ottmar wo báńdéèjì tó wà níbi tí dókítà ti gé ìka rẹ̀ gbogbo.

"Ẹ tún wò ó dáadáa, Màmá. Ṣé wọ́n kọ ohun tí mo máa fi dì í mú síbẹ̀?"