Ọwọ́ Ìyá Èènì

Ọdún méjìdínlógún ni obìnrin náà fi ta kẹrosíìnì kó tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó ra lítà kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó gba lítà kan péré. Á wọ̀n ọ́n pé, á gbé agolo kúrò, á wá dá agolo padà, á tún rọ díẹ̀ sí i. Bí àdúgbò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Èènì nìyẹn. Orúkọ náà tẹ̀ lé e dé ilé ẹ̀kọ́, níbi tó ti fi ogún ọdún ju àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ, tó sì fi mẹ́wàá ju olùkọ́ pàápàá lọ.

Ojú Ìlà ni wọ́n ń pe olùkọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá fẹ́ mọ iye tó wà nínú sírínjì, á bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú ìlà, á sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ti lé ènìyàn méjì kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ́dún tó kọjá.

Ìṣirò oúnjẹ inú rọ́bà ló ń kọ́ wọn. Aláìsàn tí kò bá lè gbé nǹkan mì, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kì bọ imú rẹ̀ títí dé ikùn, kí oúnjẹ olómi lè gba ibẹ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì ló máa ṣírò iye rẹ̀. Ẹni tí kò bá gba gbogbo máàkì kò yege, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n sì ń gbà á láyè. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta tí kò bọ́ sí i, kó máa di ẹrù rẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mílílítà gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí méjìlá. Mélòó ni fún wákàtí kan? Ìyá Èènì pín in dáadáa. Ó rí 83 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó kọ 85.

"Ìyá wa, 83 ni," Ojú Ìlà sọ. "Kí ni méjì yìí?"

"Èènì ni, mà."

"Ta ló béèrè èènì lọ́wọ́ yín?"

"Ẹni náà ò lè sọ̀rọ̀, mà. Tí kò bá tó o, báwo ló ṣe máa béèrè?"

Ojú Ìlà kọ nǹkan sínú ìwé. Kì í ṣe máàkì.

Nígbà kejì, bàbá onírọ́bà, ère tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Oúnjẹ 200 mílílítà, omi 30 ṣáájú, omi 30 lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́: mélòó ni àpapọ̀? Ó kọ 1,040, ìyẹn sì tọ̀nà. Àmọ́ nígbà tó wọn oúnjẹ náà, Ojú Ìlà bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́.

"220."

"Ọwọ́ mi ni, mà. Orí mi mọ̀ pé 200 ni."

"Ẹ lọ bá ọwọ́ yín sọ̀rọ̀. Mo fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì."

Kò sì síbi tó lè padà sí. Ó ti fa ṣọ́ọ̀bù lé àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́. Ó yà síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àbúrò kò dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ lọ gba máàkì yín. Àga kan ṣoṣo ló wà níbí."

Oníbàárà kan wọlé. Àbúrò wọn lítà kan fún un, ó dé ìgò. Ẹni náà dúpẹ́, ó lọ. Ìyá Èènì fojú sìn ín títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

"Kò bínú?"

"Kí ló fẹ́ bínú sí? Lítà kan ló rà."

Ó dé ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sírínjì wọn tíì fún ọkọ rẹ̀, 200 mílílítà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ọkùnrin náà gbé ife sókè, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì.

"Ìyàwó mi, o ò ní rọ díẹ̀ sí i?"

"Ó ti dé ìlà."

"Èmi tí mo fẹ́ ọ?"

"Bàbá wọn, ẹ má kó bá mi. Ẹ mu tíì yín."

Ó mu ún. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi sírínjì wọn ife kejì tí ìyàwó rẹ̀ gbé fún ọmọ wọn, 215 ni. Kò sọ ọ́. Kò fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọbẹ̀.

Ìgbà kẹta kì í ṣe bàbá onírọ́bà mọ́. Bàbá Káfíńtà ni, aláìsàn gidi nínú wọ́ọ̀dù. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀, ó ti mú ohùn rẹ̀ àti ọ̀fun tó fi ń gbé oúnjẹ mì, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù rẹ̀ ṣì wà létí ọ̀tún, ìwé tó fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Dókítà ní kó gba 300 mílílítà, ìdajì oúnjẹ, ìdajì omi. Agolo oúnjẹ kan gba 237. Ìyá Èènì kọ ọ́: oúnjẹ 150, omi 150, yóò ṣẹ́ ku 87 nínú agolo. Ojú Ìlà fi àmì sí i. Ó ku ọwọ́.

Ó gbé ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì sókè. Ó fi sírínjì fa inú bàbá wò láti ẹnu rọ́bà, bóyá oúnjẹ tẹ́lẹ̀ ṣì kù níbẹ̀, ó dá ohun tó rí padà. Ó ṣí agolo, ó ń dà á sínú jọ́ọ̀gì. Ó dé 150. Ó gbé agolo kúrò.

Ọwọ́ náà dúró díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Bàbá Káfíńtà, tí ń wo àjà láti àárọ̀, yí ojú sí ọwọ́ yẹn. Ó fi pẹ́ńsù gbá irin bẹ́ẹ̀dì: kó! Ó kọ̀wé, ó gbé e sókè.

*Ìwọ lo ń ta kẹrosíìnì.*

"Èmi ni, bàbá."

Ó tún kọ: *Lítà kan péré ni ìgò mi gbà. Ṣòkòtò mi ló ń gba èènì rẹ. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.*

Ìyá Èènì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Agolo ṣì wà lókè.

"Ọdún mélòó, bàbá?"

*Mọ́kànlá.*

"Ẹ ò wá sọ!"

*Èènì ni. Kí ni mo fẹ́ sọ?*

Ìyá Èènì gbé agolo kalẹ̀. Ó dé e, ó kọ ọjọ́ àti aago sí i lára, ó gbé e sínú fíríìjì. Lẹ́yìn náà ló bu omi sí jọ́ọ̀gì.

Ojú Ìlà bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́ títí. Ó nàró.

"300."

Oúnjẹ àti omi gba inú rọ́bà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí èyí tó kán sílẹ̀. Ojú Ìlà kọ gbogbo máàkì sílẹ̀. Ohun kan ló kù: aláìsàn gbọ́dọ̀ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oúnjẹ má baà padà, nọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìyá Èènì fa àga sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Irú ṣòkòtò wo ni, bàbá?"

*Kaakí. Méjì.*

"Ẹ má bínú, bàbá."

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé. Bàbá Káfíńtà fi pẹ́ńsù tọ́ka sí aago.

"Mo ti rí i," Ìyá Èènì dáhùn. Kò dìde. Ó tún jókòó tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ojú Ìlà wo aago, ó wo fọ́ọ̀mù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rí ibi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí. Ó pa ìwé dé.