Àpótí Tí Kì Í Ṣe ti Gbogbo Ayé

"Ta ní ń jẹ́ Selina Paia?"

Ọkùnrin tó wà lórí fóònù ló béèrè bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí i. Ethel Laumae ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tíì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Bó ṣe gbọ́ orúkọ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dúró sára ife.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ wí?"

"Mo ní ta ní ń jẹ́ Selina Paia! Èmi ni Moses Tuke, Gizo ni mo ti ń pè. Mo kọ̀wé sórí ìkànnì ìjọba tẹ́ ẹ ń pè ní Etí Ìlú yẹn nípa afárá wa tó já. Mo ní kí n wọlé wò ó láàárọ̀ yìí bóyá ẹ ti rí nǹkan ṣe sí i, ló bá ní, 'Ẹ káàbọ̀, Selina Paia, abúlé Rukama.' Ṣé mo jọ obìnrin lójú yín ni?"

"Kí ló tún wà níbẹ̀, sà?"

"Ẹjọ́ obìnrin náà ló wà níbẹ̀! Ó ní ọkọ òun kú, ni àbúrò ọkọ bá fọwọ́ síwèé fáwọn agégẹdú lórí ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ fún òun. Ó ní ọ̀gá àwọn aṣọ́gbó ìjọba gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tuntun lọ́wọ́ wọn kó tó lu òǹtẹ̀. Ìyá yìí láyà o. Afárá mi wá ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá Ethel ni Selina Paia, òun ló sì kọ́ ọ ní ìwé kíkà nílé ẹ̀kọ́ abúlé. Nígbà Àjíǹde tó kọjá, àwọn méjèèjì jọ jókòó lórí òkè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi kan ṣoṣo tí fóònù ti ń rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní Rukama, Ethel sì fi bí wọ́n ṣe ń kọ ẹ̀sùn sórí ìkànnì náà hàn án.

"Àǹtí, kò sẹ́ni tó máa rí orúkọ yín," ló sọ fún un lọ́jọ́ náà. "Àwọn tẹ́ ẹ fẹ̀sùn kàn lè wọlé wá mọ̀ pé ẹnì kan fi àwọn sùn, kí wọ́n lè wí tẹnu wọn. Wọn ò ní mọ ẹni náà. Èmi fúnra mi ni mo ṣe é."

Àǹtí Selina gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba ọmọ tó kọ́ ní A, B, D gbọ́?

Ojú ìwé ìkànnì kì í ṣe odindi kan. Abala abala ni wọ́n tò ó pọ̀: àmì ìjọba lókè, orúkọ àwọn ìgbèríko lẹ́gbẹ̀ẹ́, iye ẹ̀sùn tó ti wọlé àti iye tí wọ́n ti yanjú, àti àpótí kékeré kan láàárín tó ń kí ẹni tó bá wọlé lórúkọ, tó sì ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ hàn án. Bí ẹ̀rọ bá ní láti tún gbogbo rẹ̀ tò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó máa ń pẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn abala kan pamọ́, bí ìgbà téèyàn bá se ọbẹ̀ sílẹ̀ tó ń bù ú fún ẹni tó bá ń dé. Kò sí aburú níbẹ̀ tó bá jẹ́ ohun tí gbogbo ayé lè rí ni wọ́n tọ́jú. Àpótí àárín yẹn kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ethel ti sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ bó pé kí wọ́n má tọ́jú rẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá sì máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ nọ́ńbà ẹni tó ni ín, kó má baà yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

"Àsìkò wo la fẹ́ fi ṣe gbogbo ìyẹn?" ni ọ̀gá rẹ̀, Lonsdale Hite, béèrè. "Mínísítà ń bọ̀ wá ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tọ́jú gbogbo ẹ̀, ká sì dán an wò."

Ethel tọ́jú gbogbo ẹ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ọ́fíìsì dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé náà ń já wálẹ̀ wàrà, orúkọ tó yẹ kó jáde ló sì ń jáde fún kálukú. Lonsdale Hite ni orúkọ ọ̀hún. Orúkọ ìwọlé kan ṣoṣo ni gbogbo ọ́fíìsì ń lò, ti ọ̀gá, wọ́n sì ti kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó kàn láti gbálẹ̀. Nígbà kan tí Ethel ní kí kálukú ní tirẹ̀, ṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo Ethel," ni Doreen tó ń gba àlejò wí, "ó fẹ́ ti ìkòkò ọbẹ̀ mọ́ wa!" Báyìí ni ẹni mẹ́fà ṣe wọlé bí ẹnì kan ṣoṣo, tí wọ́n rí orúkọ kan náà, tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ethel náà pàtẹ́wọ́. Èyí gan-an ló ń dùn ún jù báyìí.

Ó dá Ọ̀gbẹ́ni Tuke lóhùn pé àwọn á pè é padà. Ó ṣí àkọsílẹ̀ àwọn tó ti wọlé láàárọ̀ náà. Ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Àǹtí Selina gun òkè, ó sì wọlé wò ó bóyá wọ́n ti dá òun lóhùn. Òun ló kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ti da ohun tó tọ́jú lánàá nù lóru, nítorí bẹ́ẹ̀ àpótí tirẹ̀ ló wá tọ́jú, òun ló sì ń bù fún gbogbo ẹni tó bá dé. Ẹni mọ́kànlélógójì ti rí i. Ethel ka orúkọ wọn láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí agégẹdú kankan níbẹ̀.

Ó pe fóònù Àǹtí Selina. Kò lọ. Ìyá náà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó ti lọ sóko. Ethel ronú kan rédíò tí ilé ìjọsìn fi ń bá àwọn abúlé sọ̀rọ̀, ó sì rántí pé kò sí abúlé tí kì í gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ lórí rédíò yẹn ní gbogbo etí adágún tí Rukama wà. Ni ó bá sáré jáde, ó gba àárín ọkọ̀ kọjá sí hòtẹ́ẹ̀lì tó wà ní òdìkejì títì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀ náà.

Lonsdale dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ òdòdó, ìlẹ̀kẹ̀ ìkarahun lọ́rùn.

"Ethel, aṣọ wo lo wọ̀ wá yìí? Mínísítà ti wà lọ́nà."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìkànnì ń fi orúkọ ẹnì kan han gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ẹ jẹ́ ká yọ àpótí àárín kúrò lára ohun tí à ń tọ́jú. Ìṣẹ́jú kan ló máa gbà. Ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀rọ ńlá ló kù, ọwọ́ yín ló sì wà."

Brisbane ni ẹ̀rọ ńlá ọ̀hún wà. Ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ nìkan ni wọn ò lẹ̀ mọ́ fíríìjì.

"Tá a bá yọ ọ́, ṣé á ṣì máa yára?"

"Yóò padà sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá."

"Mẹ́rìnlá!" Lonsdale wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí mínísítà tẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn àlejò tó ti Canberra wá, ká wá jọ dúró máa wojú ara wa? O fẹ́ kí n kú ni?"

"Ọ̀gá, àǹtí mi ni. Opó ni. Àwọn agégẹdú ló fi sùn. Àwọn náà ní orúkọ ìwọlé, wọ́n lè wọlé nígbàkigbà."

Lonsdale kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó lọ́mọ, ó níyàá, ó sì yé e. Ethel rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Nígbà náà ni àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí kọrin níta, ọkọ̀ mínísítà sì yà wọlé.

"Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán," ló wí, ó ń tún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣe. "Mo ṣèlérí. Kò sẹ́ni tó máa rí i kó tó dìgbà yẹn."

Ethel padà sídìí kọ̀ǹpútà. Doreen ti yí rédíò sókè kí wọ́n lè gbọ́ bí ayẹyẹ náà ṣe ń lọ. Mínísítà sọ̀rọ̀ nípa òtítọ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nílùú. Ẹni mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ti rí àpótí náà báyìí. Tísà kan láti Auki wọlé, ìyá ẹlẹ́ja kan láti Tulagi tẹ̀ lé e. Ethel ń ka orúkọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yọ. Ó tún pe Rukama. Kò lọ. Lórí rédíò, mínísítà tẹ̀ ẹ́, àwọn èèyàn sì pariwo pé, "Há, ó yára o!"

"Ó yára lóòótọ́," ni mínísítà wí, "àmọ́ Lonsdale, mo rí i níbí pé ẹ̀sùn tó wọlé jẹ́ igba ó lé méjìlá, èyí tẹ́ ẹ ti yanjú sì jẹ́ òdo. Òdo yìí ń wò mí o! Ẹ bá mi lé e lọ." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

Ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìlà tuntun kan yọ nísàlẹ̀ àkọsílẹ̀ náà: *Aṣojú, Iléeṣẹ́ Gẹdú, Adágún Ìwọ̀ Oòrùn.*

Ethel ń wo ìlà yẹn bí ẹni pé tóun bá wò ó pẹ́, yóò pa rẹ́. Ẹni náà pẹ́ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Àpótí kékeré tí ọmọ iléèwé lè kà tán kíá, kí ni èèyàn fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ṣe nídìí rẹ̀, àfi tó bá ń dà á kọ?

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Lonsdale dé, òórùn ẹja yíyan ń rùn lára rẹ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, Ethel sì yọ àpótí náà kúrò.

"Ó parí," ni Lonsdale wí. "Ṣé o rí i? Ṣé ẹnikẹ́ni kú?"

Ethel fi ìlà náà hàn án. Ó tẹ̀ ba síwájú, ó kà á, ó sì pẹ́ kó tó nàró.

"Ta ló tún rí èyí?"

"Èmi nìkan, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́rú, fóònù Àǹtí Selina kò lọ. Ọjọ́bọ̀, kò lọ. Ọjọ́ Ẹtì, kò lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì, Ethel máa ń fò. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyá náà fúnra rẹ̀ pè, ó ní òun wà lórí ọkọ̀ tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀, ó ti ń sún mọ́ èbúté.

Ó sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn tó ru ànàmọ́ àti ẹlẹ́dẹ̀, àpò ìrẹsì kan lọ́wọ́ òsì. Aṣọ ni wọ́n fi di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí dé ìgúnpá.

"Àǹtí, ọwọ́ yín!"

"Iná ni. Mo fẹ́ yọ ìwé ilẹ̀ jáde. O mọ̀ pé òrùlé ewé kì í fúnni láyè."

"Ta ló fi iná sí i?"

"Ṣé mo wà nílé ni? Àdúrà Ọjọ́rú la wà. Nathan, àbúrò ọkọ mi, ló dìde tó mú bébà kan jáde lápò, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí ka ọ̀rọ̀ mi fún ìjọ. Bí mo ṣe kọ ọ́ ló kà á, Ethel. Títí kan ibi tí mo ti kọ 'ẹ́ńjìnnì' lẹ́ẹ̀mejì, tí mo gbàgbé láti pa ọ̀kan rẹ́. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tá a jáde la rí èéfín."

Ethel fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kúrò lọ́nà àwọn elérù.

"Nathan wá bá mi láàárọ̀ kejì," ni ìyá náà ń bá a lọ, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ níwájú pátákó. "Ó kí mi dáadáa. Ó ní kí n lọ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò níbi tí mo kọ ọ́ sí kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní ilé Hilda ọmọ mi náà, ewé ni wọ́n fi bò ó, àwọn ọmọ rẹ̀ sì kéré." Ó na fóònù rẹ̀ sí Ethel. "Bá mi yọ ọ́. Ọwọ́ yìí ò lè tẹ nǹkan. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì pọ̀ níbí, a ò ní gun òkè kankan."

Ethel ń retí pé kó sọ ọ́, kó ní, "Ṣebí o ní kò sẹ́ni tó máa rí i." Ìyá náà kò sọ ọ́. Ó kàn dúró tì í nínú oòrùn, ó gbé ọwọ́ jíjó náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ethel wọlé. Ojú ìwé náà ń lọ́ra báyìí tí wọn kò tọ́jú àpótí àárín mọ́. Ó gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò pọ̀ rárá. Àpótí náà yọ níkẹyìn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Selina Paia, abúlé Rukama," ẹni tó ni ín nìkan ló sì rí i. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń yọ ẹ̀sùn kúrò. Ìkànnì bi í bóyá ó dá a lójú.

"Kí ló wí?" ni Àǹtí Selina béèrè.

"Ó ní ṣé ó dá yín lójú."

"Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Wọn ò tíì kúrò ní èbúté tí fóònù Ethel fi dún, Lonsdale sì ń pariwo débi pé àwọn tó wà nítòsí ń gbọ́ ọ. "Ethel! Ṣé o ti rí ojú ìwé àkọ́kọ́? Òdo ti lọ o! Ẹ̀sùn tí a ti yanjú: ẹyọ kan! Mo ti fi ránṣẹ́ sí mínísítà!"

Ethel pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀sùn tí ẹni tó kọ ọ́ bá yọ kúrò, ẹ̀rọ máa ń kà á mọ́ èyí tí wọ́n ti yanjú. Lonsdale ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni ìyá náà béèrè.

"Ọ̀gá mi ni."

"Kí ló ní?"

Ethel gba àpò ìrẹsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fúyẹ́ gan-an.

"Ó ní àwọn ti yanjú ẹjọ́ yín, Àǹtí."