Ọjọ́ Orí Kọ́ Ló Gbé Mi Ṣubú

1.

…bí ìyá àgbà náà ṣe ṣubú nìyẹn, kò pariwo. Ó fi àyà fà láti ilé ìwẹ̀ dé yàrá, ó di ẹsẹ̀ àga mú, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù.

Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn.

2.

ORÚKỌ: Màmá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.
IṢẸ́: aránṣọ, àádọ́ta ọdún.
ỌJỌ́ ORÍ: mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
ILÉ: yàrá méjì, àjà kejì. Òun nìkan.
ÀÌSÀN: ẹ̀jẹ̀ ríru. Orúnkún.
OHUN TÓ GBÉ E ṢUBÚ: ọjọ́ orí.

(Dókítà tó wò ó lẹ́yìn ìṣubú náà kò bi í léèrè kó tó kọ ìlà tó kẹ́yìn yẹn.)

3.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ọmọ.

Ajé, àárọ̀: Màmi, ẹ má gun àtẹ̀gùn mọ́.
Ajé, ọ̀sán: Ẹ má dáná tí mi ò bá sí níbẹ̀.
Ìṣẹ́gun: Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mò ń bọ̀ wá kó yín sọ́dọ̀ mi. Yàrá yín ti wà nílẹ̀.

Èsì ìyá:

Ṣé ẹrù ni mí?

4.

Ó tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì, ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ oníbàárà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ara rẹ̀, ó ń kọ ọ́ síbẹ̀ lójoojúmọ́.

*Ọjọ́rú. Oògùn, aago méje. Òyì, aago mẹ́jọ.*
*Ọjọ́bọ̀. Oògùn, aago méje. Òyì, aago mẹ́jọ. Mo di ògiri mú.*
*Ẹtì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi oògùn dúró di aago mẹ́wàá. Òyì, aago mọ́kànlá.*

*Ọjọ́ orí kì í wo aago.*

5.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà, ó da gbogbo oògùn rẹ̀ sórí káńtà apòògùn.

APÒÒGÙN: Màmá, ta ló fún yín ní funfun yìí?
ÌYÁ: Dókítà mi àtijọ́.
APÒÒGÙN: Pupa yìí ńkọ́?
ÌYÁ: Èyí tí mo lọ bá nítorí orúnkún. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ga.
APÒÒGÙN: Ẹ ò sọ fún un pé ẹ ti ń lo funfun?
ÌYÁ: Ta ló bi mí? Ọmọ mi ni dókítà ń bi léèrè gbogbo nǹkan, bí ẹni pé àga ni mo jẹ́.
APÒÒGÙN: Orúkọ ló yàtọ̀. Oògùn kan náà ni. Ìlọ́po méjì lẹ ń lò, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ yín wálẹ̀ jù.
ÌYÁ: Tún un sọ.
APÒÒGÙN: Oògùn kan náà—
ÌYÁ: Kọ ọ́ sílẹ̀. Fọwọ́ sí i.

Apòògùn pe dókítà méjèèjì. Wọ́n ní kó má lo pupa mọ́.

6.

Kékeré ni abẹ́rẹ́. Kì í ṣe mímì fún adìẹ.

7.

Lára ilẹ̀kùn, ọjọ́ Àbámẹ́ta:

ÌKÉDE
Ẹni tó bá wá kó mi,
kó kọ́kọ́ ka ìwé apòògùn yìí.
Kó kà á sókè.
Etí mi ò tíì di.

8.

ỌMỌ: Màmi, mo ti kà á. Ẹ ṣílẹ̀kùn.
ÌYÁ: Kí ló gbé mi ṣubú?
ỌMỌ: …Oògùn.
ÌYÁ: O káre.
ỌMỌ: Tí ẹ bá wá tún ṣubú ńkọ́? Mi ò sùn dáadáa látọjọ́ yẹn.
ÌYÁ: Ẹ̀rù ba èmi náà, ọmọ mi. Màá ní kí wọ́n kan irin ìdìmú sí ilé ìwẹ̀. Màá máa pè ẹ́ láràárọ̀. Ohun tí mo lè fún ẹ nìyẹn. Ilé mi? Ó tì o.

9.

Ìyá ṣílẹ̀kùn. Ọmọ wọlé, páálí òfìfo méjì tó fẹ́ fi kó ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbé ọ̀kan sílẹ̀.

Èkejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.