Yàrá Tó Wá Sísàlẹ̀

Ilé ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń yàwòrán rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gba ẹ̀yà tuntun ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sórí rẹ̀. Nígbà tó tún un tàn, gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà ti dorí kodò.

Ó pe ẹni tó máa ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Ọkùnrin náà ní, "Dráfà, ìyẹn ètò kékeré tó ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà, ti di ti àtijọ́. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tuntun sí i."

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó bẹ̀rẹ̀, oníbàárà rẹ̀ kan wọlé, màmá àgbà kan tí orúnkún ń dà láàmú. Màmá jókòó, ó ń wo àwòrán ilé rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà: òrùlé nílẹ̀, ìpìlẹ̀ lókè.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ má bínú, mà, kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Yàrá mi ti wá sísàlẹ̀. Mi ò ní gun àtẹ̀gùn mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi sáré fi dráfà tuntun sí i. Ilé nàró padà, ojú màmá sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ta ló ní kí o gbé yàrá mi padà sókè?"

Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé títí, kò wọ màmá létí. Ló bá tún àwòrán náà yà látìbẹ̀rẹ̀, ó fi yàrá sísàlẹ̀, ó gbé pálọ̀ sókè.

Wọ́n ti kọ́ ilé náà tán. Àwọn àlejò màmá ló ń gun àtẹ̀gùn báyìí.