Àdúrà Aago Mẹ́rin

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Rosmarie, tí ọ́fíìsì ìrìn-àfẹ́ ìsàlẹ̀ àfonífojì gbà síṣẹ́, máa ń kó àlejò gòkè wá sọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ orí wáyà á já wọn sílẹ̀ ní ìdí àpáta, wọ́n á rìn yí adágún ká, àwọn tó bá láyà á wa ọkọ̀ pákó, àwọn yòókù á jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ iwájú ahéré wa, wọ́n á mu wàrà tútù, wọ́n á sì ra wàràkàṣì tí mo ṣe. Wàràkàṣì yẹn ló ń jẹ́ kí èmi Verena àti ẹ̀gbọ́n mi Melkior lè máa da màlúù lórí òkè ní gbogbo ìgbà ooru. Bí àlejò ò bá wá mọ́, àfonífojì la ó sọ̀ kalẹ̀ sí, ká lọ máa bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹjọ, Rosmarie mú ọ̀rọ̀ tuntun wá.

"Ẹ̀gbọ́n Melkior, àwọn àlejò mi fẹ́ gbọ́ àdúrà yín."

"Kí wọ́n dúró dìrọ̀lẹ́."

"Aago márùn-ún ààbọ̀ ni ọkọ̀ ìkẹyìn ń sọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ bá mi pè é ní aago mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀."

Melkior ń fọ korobá lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Ṣé Ọlọ́run náà ń wọ ọkọ̀ ìkẹyìn ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Darandaran òdìkejì adágún ti gbà. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ́fíìsì ní kí n máa kó wọn lọ."

"Ẹni yẹn? Ohùn ewúrẹ́ ló ní."

"Ewúrẹ́ tó mọ aago ni."

Lọ́dọ̀ wa, bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, darandaran á gun àpáta, á gbé àrọ onígi, èyí tá a fi ń rọ wàrà, sẹ́nu, á sì pe Ọlọ́run sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá dé, a gbà pé ẹran kan ò ní já sí kòtò lóru ọjọ́ náà. Bàbá wa ló fi àrọ náà lé Melkior lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlélógún rèé, kò fo ìrọ̀lẹ́ kan rí, àní nígbà tí ọ̀fun ń dùn ún.

Ó wò mí. Mo wo pẹpẹ tí wàràkàṣì tò sí. Ó rí ibi tí mo wò.

"Ó dáa," ló wí.

Ní aago mẹ́rin, oòrùn ṣì mú ganrín. Melkior gun àpáta, gbogbo àlejò sì gbé fóònù sókè. Ó gbé àrọ sẹ́nu:

"Ọba tó gbé òkè nàró láìfi igi tì í,
Ọba tó fi yìnyín dé àpáta lórí,
bojú wo Gemsi màlúù wa, bojú wo ọmọ rẹ̀..."

Ohùn rẹ̀ kéré lójú mi. Bí ẹni tó ń yá ọ̀rọ̀ sọ ló ṣe ń pè é. Kò tíì yíjú sí ìhà kejì tí agogo ọrùn màlúù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti òkè, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà yẹn ni mo rántí iyọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ gbogbo, bí Melkior bá ti ń pe àdúrà lọ, èmi á máa da iyọ̀ sórí òkúta iwájú ahéré. Màlúù ò mọ aago. Ohùn yẹn ni wọ́n mọ̀. Orí òkúta iyọ̀ gan-an sì ni ogún àlejò jókòó sí.

Gemsi ló ṣíwájú, Gemsi abìwo-róbótó, ọ̀gá agbo, arìn-gẹ̀rẹ̀-bí-ìyàwó. Màlúù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tẹ̀ lé e. Wọn ò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Wọ́n kàn wọ àárín àwọn èèyàn, wọ́n ń lá òkúta, wọ́n ń lá bàtà, wọ́n ń lá ọwọ́. Ìyá Geertje, arúgbó kan láti ilẹ̀ Họ́láńdì, ló jìyà jù: òógùn ti mú akẹtẹ̀ rẹ̀ níyọ̀, Gemsi sì ṣí i kúrò lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń jẹ ẹ́.

"Verena, da iyọ̀ sílẹ̀," Melkior pè láti orí àpáta.

"Bí mo bá dà á nísinsìnyí, kí ni mo fẹ́ dà nírọ̀lẹ́?"

"Ṣé akẹtẹ̀ lo fẹ́ kí wọ́n jẹ yó ni?"

Mo dà á sẹ́yìn ahéré, wọ́n sì lọ síbẹ̀. Nígbà tí Rosmarie fi rí akẹtẹ̀ náà gbà, àwọn àlejò yòókù ti sáré bá ọkọ̀ ìkẹyìn. Orúnkún Ìyá Geertje ò jẹ́ kó lè sáré. Rosmarie ò sì lè fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì sùn sọ́dọ̀ wa.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́. Àwọn màlúù ti padà sókè, kùrukùru sì ń gòkè láti adágún. Melkior jókòó, àrọ wà lórí itan rẹ̀.

"Ṣé wàá tún pè é?" ni mo bi í. "Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni bàbá fi kọ́ ẹ."

"Fóònù ni mo ń wò ní aago mẹ́rin, Verena. N kò tíì gbàdúrà lónìí."

Ó gun àpáta. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn náà ré kọjá adágún, ó kan òkè kejì, ó sì padà wá bá wa. Rosmarie tó ń gé búrẹ́dì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Bàbá bàbá mi ni mo gbọ́ tó pè é báyìí kẹ́yìn," ó ní.

Ìyá Geertje ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó ṣí ìyókù akẹtẹ̀ rẹ̀. Àwọn màlúù dé, mo sì kó iyọ̀ ilé ìdáná fún wọn tán.

Nígbà oúnjẹ, Rosmarie tọ́ ọbẹ̀ wò. "Àǹtí Verena, ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀."

"Lọ bi Gemsi," Melkior dá a lóhùn.

Láàárọ̀, kí wọ́n tó lọ, Melkior sọ fún un pé òun ò ní pè é ní aago mẹ́rin mọ́, ibi yòówù kí ọ́fíìsì kó àlejò lọ. Rosmarie mi orí pé òun ti gbọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ dúró níbi tí ọkọ̀ ń já èrò sí. Àlejò méje péré ló bá Rosmarie sọ̀. Àwọn yòókù ti lọ sí òdìkejì. Ṣùgbọ́n àwọn méje náà gbé kúbùsù dání, wọ́n fẹ́ sùn mọ́jú.

Ní aago mẹ́rin, a gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan láti òdìkejì omi. Gemsi gbórí sókè, ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó sì tún tẹ orí ba koríko.