Ẹ̀rọ Omi Ara Ògiri

"Ẹ rẹ́rìn-ín, ìyá. Ẹ gbé korobá yẹn wálẹ̀ díẹ̀. Ó tó."

Mo fàyà lélẹ̀ nígbà tí mò ń sọ bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà lójú mi, ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì nínú erùpẹ̀ pupa abúlé Ìdí-Obì, nítòsí Iléṣà. Ọdún 1992 ni. Lára ògiri ilé ìpàdé wọn ni Elisha, ayàwòrán tí a jọ wá láti Òṣogbo, ya ẹ̀rọ omi sí: apá irin, ẹnu irin, omi funfun tó ń ṣàn. Àpìkẹ́, opó kan tó ń ṣòwò obì, na korobá sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ náà.

"Ṣé omi máa jáde níbí lóòótọ́?" ó bi wá.

"Ó ń bọ̀," Ọ̀gbẹ́ni Adédìran, ọ̀gá ẹ̀ka omi ní káńsù, dá a lóhùn. "Àwòrán rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Àwòrán ara ògiri, bí èèyàn bá dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀, òkú ni. Ìgboro Òṣogbo ló kọ́ mi. Nítorí kìnnìún tí wọ́n yà sára ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kan ní Òkè-Fìà, inú gọ́tà ni mo dùbúlẹ̀ sí, títí kìnnìún náà fi dà bí ẹni fẹ́ fo orí àwọn tó ń kọjá. Nítorí ẹja ńlá kan lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́, mo gun igi fúrúùtù, mo dúró de òjò, kí omi ojú títì lè máa gbé e lọ. Adédìran ti rí àwọn fọ́tò wọ̀nyí. Ìdí tó fi wá mi wá nìyẹn.

Ní Ìdí-Obì, mo lọ sílẹ̀ débi tí etí ògiri kò fi hàn mọ́. Mo dúró títí òjìji Àpìkẹ́ fi bo ibi tí ògiri ti kan ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí wọ́n ń mu sínú korobá kó lè máa dán. Nígbà tí mo tẹ kámẹ́rà, omi ọ̀dà ń ṣàn wọnú korobá tòótọ́. Inú mi dùn. Mo wá fara ti ògiri, mo ya ìkejì láti ẹ̀gbẹ́, tèmi nìyẹn: ògiri pẹlẹbẹ, obìnrin kan, korobá lábẹ́ òfìfo.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Adédìran fi ti àkọ́kọ́ sínú fáìlì àwọn iṣẹ́ omi tí káńsù ti ṣe parí. "Sun fíìmù ìkejì," ó wí. Mi ò bi í léèrè ìdí. Mi ò sì sun ún. Láti oṣù náà, èmi nìkan ni onífọ́tò káńsù, fún ọdún mẹ́rin gbáko, kí Adédìran tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi fún àbúrò ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yàn án lódì. Ẹni tó bá ní kí n gbàgbé, mo yan òun náà lódì.

Ní 1998, mo lọ ya fọ́tò ìsìnkú ní Ìdí-Obì. Àpìkẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Sòbìà ń yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rọra wé e mọ́ igi tín-ín-rín bí òwú.

"Onífọ́tò," ó wí, "omi rẹ dà?"

"Omi wo?"

"Èyí tí o ní kí n rẹ́rìn-ín sí." Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti kọ̀wé sí káńsù pé inú ọ̀gọ̀dọ̀ ni sòbìà ti ń wọ àwọn lára. Èsì kan náà ló ń bọ̀: Ìdí-Obì ti ní ẹ̀rọ omi, fọ́tò rẹ̀ wà nílẹ̀, kí wọ́n lọ tún un ṣe. "Fọ́tò rẹ ń mu omi, àwa ń mu aràn."

Kí n má purọ́, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn kì í ṣe àánú. Adédìran ni. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ wàyí.

Mo fọ fọ́tò kejì, mo sọ ọ́ di ńlá, mo gbé Àpìkẹ́ sórí ọ̀kadà, ó di káńsù. Ìyáàfin Ọláfúnkẹ́ Ògúnlẹ́yẹ ló wà lórí àga Adédìran báyìí. Ó tẹ́ fọ́tò méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n pẹ́.

"Fọ́tò méjì ń bá ara wọn jiyàn," ó wí. "Bí àwọn tó ṣe é ò bá fẹnu ara wọn sọ ọ́, mi ò lè yọ ti inú fáìlì dànù. Ìdí-Obì ò sì ní sí lára àwọn abúlé tí a máa gbẹ́ kànga fún lọ́dún yìí."

Ó ránṣẹ́ pe Adédìran, tó ti fẹ̀yìn tì. Ó dé nínú agbádá funfun báláú. Kò wo ẹsẹ̀ Àpìkẹ́.

"Ẹ̀rọ wà níbẹ̀," ó wí. "Ó bàjẹ́, àwọn olè tú u lọ. Ẹ má dá ẹni tí ò ka ìwé mẹ́fà yanjú lóhùn. Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, inú ló ń bí i."

"Inú ń bí mi, sà. Á máa bí mi títí wọ́n á fi sin mí. Ihò tí ẹ gbẹ́ dà?"

"Ihò?" Àpìkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Olè ti jí òun náà gbé."

Ìbínú gbé Adédìran. Ó nàka sí mi. "Ẹ bi í. Ṣé èmi ni mo ní kó dùbúlẹ̀? Mo ní kó jọ òótọ́ ni. Òun ló mọ bó ṣe dọ́gbọ́n sí i. Òun ló ní kí wọ́n bu omi. Ọdún mẹ́rin ló fi jẹun nídìí ẹ̀, ṣé ó sọ̀rọ̀?"

Ìyáàfin Ògúnlẹ́yẹ gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ ní kó jọ òótọ́, sà?"

Ó ká apá agbádá rẹ̀ sí èjìká. Ojú gbogbo wọn wá sára mi. Bí mo bá ní n ò mọ nǹkan kan, ọkùnrin náà á rí ibi sá gbà: onífọ́tò ló tan òun. Bí mo bá sọ ọ́, èmi náà wọ fáìlì.

"Èmi ni," mo wí. "Mo mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Mo dákẹ́ nítorí iṣẹ́ káńsù. Kì í sì í ṣe nítorí omi ni mo ṣe ń bínú sí i; nítorí pé ó lé mi ni. Ayọ̀délé lorúkọ mi, mà. Ẹ kọ ọ́ ṣáájú tiẹ̀."

Àpìkẹ́ kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kàn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga tó kọjú sí Adédìran, ó ń wò ó.

Ìyáàfin kọ ọ́. Ó yí ìwé náà sí ọkùnrin náà. "Sà?"

"Ògiri ni," ó wí lábẹ́ ahọ́n.

"Ìyá ò gbọ́, sà."

Adédìran wo ẹsẹ̀ náà nígbẹ̀yìn. "Ògiri ni. Kò sí ẹ̀rọ omi kankan ní Ìdí-Obì. Kò fìgbà kan sí níbẹ̀ rí."